Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Oyèwálé

Nígbà tí Oyèwálé fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti rìn ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Iṣẹ́ réluwéè ló ń ṣe ní Ìkìrun, kì í sì í ṣe iṣẹ́ inú ọ́fíìsì. Òun ni ẹni tí ń fẹsẹ̀ wọn ojú irin láràárọ̀, òòlù gígùn léjìká, tí yóò máa wo àwọn irin kéékèèké tí ó di ojú irin mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti tú, kí ó gbá a padà sí àyè rẹ̀. Èyí tí kò bá tú, kí ó kàn án wò, kí ó sì máa lọ. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ọkọ̀ á kọjá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹnìkan jí lọ síbẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, gbogbo ayé ni yóò gbọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ènìyàn di olókìkí, ẹsẹ̀ ẹni nìkan ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ọmọ Òkukù ni, Ìkìrun ni iṣẹ́ gbé e dé, Ìnísà ló ti fẹ́ Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ojú irin kan náà ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, Oyèwálé a sì máa sọ pé òun kò ní ilé kan pàtó, orí irin ni òun ń gbé. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀ ni.

Ọdún 1951 tí ó dé Ìkìrun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú náà, òun kọ́ ló sì wá a lọ. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí ó fi ìran wíwò pa àárẹ̀ rẹ́, ni ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù bá yẹ̀. Wọ́n ní kí ó bá àwọn dí àyè náà títí onítọ̀hún yóò fi sinmi díẹ̀. Onítọ̀hún sinmi lọ. Ọdún mẹ́fà ni Oyèwálé fi dí àyè.

Àárín pápá ni àyè náà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, òun kọ́ ló sì ń ṣọ́lé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, kí ó wò yíká, kí ó sì tì í sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Oyèwálé ń ṣe é láìsí ariwo. Kì í sáré ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ẹni tó bá ti rin máìlì mẹ́wàá láàárọ̀ kì í fi ìgbónára sáré nírọ̀lẹ́. Yóò kàn dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, bọ́ọ̀lù yóò sì wá bá a. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù sọ pé ọgbọ́n ni. Òun mọ̀ ní tirẹ̀ pé àárẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń di àríyànjiyàn ni ṣọ́ọ̀bù Olúbọ̀dé télọ̀, lẹ́bàá ìdíkọ̀ réluwéè. Olúbọ̀dé kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ ó rò pé inú pápá ni wọ́n bí i sí. Ó ní iwájú ni kí wọ́n fi Oyèwálé sí. Ẹni tó mọ bí a ti ń fún ènìyàn ní bọ́ọ̀lù aládùn báyẹn, ó yẹ kí ó máa gbá a sáwọ̀n fúnra rẹ̀. Tíṣà Akínyẹlé, tí ń kọ́ni ní ilé ìwé àwọn Áńgílíkà, kò gbà. Ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá dúró níwájú gólì, eṣinṣin kò ní kọjá.

Ẹni kẹta ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tí ń fi lọ́rì kó iṣu láti Èkó-Ẹ̀ndẹ́ wá sí Ìkìrun. Òun ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ ní àárín tí ó wà. Ẹ ó rò pé òun ni ọ̀rẹ́ Oyèwálé nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbé e kúrò ní àárín, àbùkù ló ń kà: pé kò lè gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí wọ́n tilẹ̀ so gólì mọ́ ọn lọ́rùn, pé kò ga tó ẹni tí í gbá ẹ̀yìn, pé eré rẹ̀ kò yá. Nígbà tí yóò bá fi parí, ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ yìí gan-an ló ti tú u síhòòhò jù.

Gbogbo èyí, ojú Oyèwálé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ló máa ń yà bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ ya lórúnkún, bẹ́ǹṣì Olúbọ̀dé sì gbòòrò. Á jókòó, á na ẹsẹ̀, wọn á sì máa gbé e láti iwájú lọ sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn bọ̀ sí àárín, bí ẹni ń gbé àpótí kiri inú yàrá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Lọ́jọ́ kan tí ó la ẹnu, wọ́n dákẹ́, wọ́n yíjú sí i, wọ́n rò pé yóò dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Bọ̀dá Olúbọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣòkòtò mi ti jáde?" Olúbọ̀dé ní kí ó fara balẹ̀, ṣé kò rí i pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni àwọn ń bá yí ni?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn Oyèwálé ní gbogbo àkókò yẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù rárá. Àrínọlá ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá yìí bí, Oyèwálé nìkan ni ilẹ̀ kò gbà. Ojú ìyá náà ti ń ṣú láti ìgbà tí bàbá ti kú, nígbà tó sì di ọdún 1955, kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ilé wọn ní Òkukù kò jìnnà sí ojú irin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ìrìn Oyèwálé ń gùn dé ibẹ̀, bí ìyá bá sì ti ń gbọ́ kíkàn òòlù lórí irin láti ọ̀ọ́kán, á ní kí wọ́n gbé omi kaná, ọmọ òun ń bọ̀.

Oyèwálé á jókòó tì í fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ iṣu sísè tán. Á gé èékánná rẹ̀ fún un. Á sọ fún un bí iṣu ṣe rí lóko àwọn ẹlòmíràn, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Ìyá kì í béèrè nǹkan púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ tí Oyèwálé bá fẹ́ dìde.

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Oyèwálé. Ọwọ́ rẹ ni kó pa mí lójú dé. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan mìíràn."

Á ní, "Ọwọ́ mi náà ni, ìyá mi, kò sì ní jẹ́ nísinsìnyí. Ẹ ó pẹ́ fún mi."

Ìlérí yìí kò ṣòro fún ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àmọ́ ní ìparí ọdún 1956, akọ̀wé kan ní ìdíkọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un pé wọ́n ń wá ẹnìkan tí yóò lọ máa ṣọ́ ojú irin ní Gúsáù, ní Òkè Ọya lọ́hùn-ún. Wọ́n ti kọ orúkọ mẹ́rin sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá tí yóò mú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní Òṣogbo, Ayọ̀ọlá ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Gúsáù sí Òkukù, ọkọ̀ ojú irin á sùn lọ́nà, á tún jí. Oyèwálé dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó gbé òòlù rẹ̀ padà sí èjìká, ó sì ń lọ.

Àṣírí kì í bò ní ìdíkọ̀. Kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù Olúbọ̀dé, wọ́n ti gbọ́. Inú bí wọn, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀. Tíṣà Akínyẹlé ní kò sí ẹni tó lè gbé Oyèwálé kúrò ní Ìkìrun, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run bá wọn ṣe é, Ọ̀gá Ayọ̀ọlá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ, ó sì ń bọ̀ wá wo eré bọ́ọ̀lù Ìkìrun àti Ìnísà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Kérésìmesì.

Ní Ìnísà ni wọ́n ti gbá a. Ọyẹ́ mú, pápá gbẹ, eruku bo ojú ènìyàn. Nítorí pé ọ̀gá wà níbẹ̀, kálukú fẹ́ kí ọ̀gá rí Oyèwálé níbi tó dára jù, ìyẹn ni pé níbi tí òun alára sọ pé ó dára jù. Olúbọ̀dé pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá títí balógun ẹgbẹ́ fi gbé Oyèwálé lọ síwájú. Ìnísà gbá ọ̀kan wọlé. Tíṣà pariwo, wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Ìnísà tún gbá ọ̀kan wọlé. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí ni wọ́n tó jẹ́ kí ó padà sí àárín, ó fi bọ́ọ̀lù méjì ṣọwọ́ sí àwọn ará iwájú, wọ́n gbá méjèèjì wọlé, ó di ọ̀mì. Àwọn àna rẹ̀ ní Ìnísà yọ ṣùtì sí i pé ọkọ Àmọ̀kẹ́ kò mọ ibi tí wọ́n ní kí òun dúró sí. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó jókòó sórí koríko, ó tú okùn bàtà.

Tíṣà ló lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó mú Oyèwálé dání. Ọ̀gá Ayọ̀ọlá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí Tíṣà sọ tán, ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí Gúsáù, òun kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ṣùgbọ́n bí ìlú bá kọ̀wé sí mi," ó ní, "pé ọkùnrin yìí ni àwọn ò lè ṣaláìní, ẹlòmíràn ni n ó mú. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ."

Ìyẹn ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló dúró láàárín Oyèwálé àti Gúsáù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Ìyá ní kí ó bá òun kí àwọn ará Ìkìrun, pé Ọlọ́run yóò dá sí ti àwọn náà.

Wọ́n péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúbọ̀dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti kọ lẹ́tà náà. Ènìyàn bí ogún ló wà níbẹ̀. Oyèwálé jókòó sẹ́yìn, lórí òkìtì aṣọ tí wọn kò tíì rán, nítorí àwọn àgbà ti gba bẹ́ǹṣì. Tíṣà mú gègé, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìdílé ọ̀gá, ó sọ pé àwọn ń kọ̀wé nítorí Oyèwálé tí ó jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìkìrun. Ó wá béèrè pé kí ni kí òun kọ tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀gá yóò fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ẹgbẹ́ tí wọn kò fi lè ṣe é láìsí i.

Ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Tíṣà ti fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ni ó wúlò jù. Olúbọ̀dé ní láéláé, nínú ṣọ́ọ̀bù tòun? Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní bí wọ́n bá kọ irọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó fojú ara rẹ̀ rí eré Ìnísà, yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n padà sórí eré Ìnísà. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sórí eré Òkukù ti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹnìkan dìde, ó fẹsẹ̀ ya pápá sílẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ òwú ṣe agbábọ́ọ̀lù.

Oyèwálé gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde, kí òun sọ pé ẹ kọ ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ kọ ọ́ pé gólì ni mò ń ṣọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ ìwé kan. Ṣùgbọ́n ó ti rìn láti kùtùkùtù ọjọ́ náà, nítorí ẹni tí wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ ń ṣàìsàn, òkìtì aṣọ náà sì rọ̀. Ó ní kí òun di ojú fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí yóò fi là á, ṣọ́ọ̀bù ti dá, Olúbọ̀dé nìkan ló ń gbálẹ̀. Ó bi í pé lẹ́tà ńkọ́?

"A ti yanjú ẹ̀," Olúbọ̀dé dá a lóhùn. "Lọ sinmi, ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ rẹ ti bọ́ sí i."

Kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ni pé kí kálukú lọ kọ tirẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé lẹ́tà mẹ́ta yóò wúwo ju ọ̀kan lọ. Àwọn tó ń sọ lójoojúmọ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà nìyẹn. Tíṣà kọ tirẹ̀ nílé, ó fi gẹ̀ẹ́sì gidi kọ ọ́. Olúbọ̀dé ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ka ìwé mẹ́fà bá òun kọ tòun. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé lọ bá akọ̀wé tó ń bá ènìyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó sì dúró tì í kí ó má bàa yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ̀gá Ayọ̀ọlá ránṣẹ́ pe Oyèwálé sí Òṣogbo. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó wọ ọkọ̀ àárọ̀. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì. Ọ̀gá ní kí ó jókòó, ó sì kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń túmọ̀ èyí tó bá jẹ́ gẹ̀ẹ́sì.

Olúbọ̀dé ní Oyèwálé ni ará iwájú tí ìlú ń retí, pé àwọn tó ń fi í sí àárín ń fi í ṣòfò, nítorí bí ó bá wà ní àárín, kò yàtọ̀ sí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Tíṣà Akínyẹlé ní ẹ̀yìn ni ògo rẹ̀ wà, pé bí wọ́n bá gbé e síwájú ó máa ń dà bí ẹni tó ṣìnà ilé, ọ̀gá sì ti fojú rí i ní Ìnísà. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní kí ọ̀gá má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ní ọkùnrin yìí kò lè gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kò lè ṣọ́ ẹ̀yìn, kò lè sáré, àárín nìkan ni a rí fún un, òun Ọmọ́ṣẹ̀yìndé sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀gá to àwọn lẹ́tà náà léra.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, á rò pé ìlú ń bẹ̀ mí kí n tètè gbé ọ lọ ni. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ibo ni o ti wúlò jù?"

Ọdún kẹfà nìyí tí Oyèwálé ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni bi òun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá mi wà ní Òkukù, sà. Kò ríran mọ́. Èmi nìkan ló kù fún un."

Ọ̀gá tún ṣí àwọn lẹ́tà náà, ó wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí òun ti fo ibì kan.

"Kí ló dé tí kò sí nínú ọ̀kankan?"

"Wọn ò rò pé ó kan bọ́ọ̀lù ni, sà."

Ọ̀gá ní ó dun òun. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òun dá ti pé, òun kò sì mọ èwo ni òun ì bá gbára lé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà òun ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó lánàá. Ó na ìwé kan sí i. Oyèwálé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, ó sì jáde. Kò bínú lọ́jọ́ náà. Ìbínú ń fẹ́ agbára, kò sì ní.

Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ gbọ́, ó ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Wọ́n jọ rò ó títí, wọ́n sì gbà pé Àmọ̀kẹ́ kò ní bá a lọ. Yóò kó lọ sí Òkukù, yóò máa ti ibẹ̀ ná ọjà Ìnísà tí ó ti ń ta iyọ̀, kí ìyá má bàa dá wà. Báyìí ni ọkùnrin kan ṣe lọ sí Òkè Ọya pẹ̀lú àpótí kan, tí ìyàwó rẹ̀ sì di ọmọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Oyèwálé dágbére, Àrínọlá ìyá rẹ̀ pè é sọ́dọ̀. Ó fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ní òun kò ní tètè kú. Ó gbìyànjú. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi mú ìlérí náà ṣẹ.

Ní Gúsáù, Oyèwálé ń rin ojú irin bí ó ti ń rìn ín nílé, oòrùn ibẹ̀ nìkan ló le jù. Wọ́n bi í bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ó ní rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń gba ìsinmi wá sílé. Tíṣà Akínyẹlé kò jẹ́ kí ó gbàgbé wọn, ó ń kọ̀wé sí i déédéé. Nínú ìwé wọ̀nyí ni Oyèwálé ti gbọ́ pé Òkukù ti na Ìkìrun lẹ́ẹ̀mẹta, pé ẹni méjì ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀ tí àyè náà kò sì kún, pé Olúbọ̀dé náà ti ń sọ báyìí pé kò sí irú Oyèwálé. Ó ń kà wọ́n tán, ó ń ká wọn, ó ń fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìlú ti wá fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ó jẹ́ fún wọn. Kò mọ ohun tí òun lè fi ìyẹn ṣe.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, wáyà dé pé kí ó máa bọ̀ kíákíá. Ọ̀gá ibẹ̀ kò sí nílé, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fún un láyè, ọjọ́ méjì sì kọjá. Òjò wó afárá kan lójú ọ̀nà, ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ kan. Nígbà tí ó fi dé Òkukù, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ta ni yóò gbé òkú dúró nínú òjò? Àmọ̀kẹ́ ló pa á lójú dé. Ọlábímpé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ bù. Oyèwálé dúró níwájú ilẹ̀ tútù náà ní ẹ̀yìnkùlé, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni ìyá ń béèrè pé ṣé ọkọ̀ Òkè Ọya ti kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta tí ó dé, àwọn ará Ìkìrun wá bá a kẹ́dùn. Lọ́rì Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ló gbé wọn. Irun Tíṣà ti funfun, Olúbọ̀dé ti ń lo awò ojú. Àmọ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún wọn lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní ìyá jẹ́ ẹni ire, wọ́n ní Ọlọ́run yóò dá ọmọ sí. Wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀.

Olúbọ̀dé ló kọ́kọ́ ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun kò fẹ́ fi ẹ̀dùn kún ẹ̀dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run ti mú gbogbo wọn rí ara báyìí, kí Oyèwálé ṣáà sọ òótọ́ fún àwọn kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Láyé bọ́ọ̀lù rẹ̀, ibo gan-an ló yẹ kí wọ́n fi í sí?

Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ojú Tíṣà ń dán. Oyèwálé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé wọ́n fẹ́ràn òun, pé wọ́n ti fẹ́ràn òun tipẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ó rẹ̀ ẹ́ jù.

"Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ kọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ kọ ni, èmi ni ǹ bá pa ìyá mi lójú dé."

Olúbọ̀dé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Tíṣà tẹrí ba. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé fi ọwọ́ bo ẹnu, omi sì dé ojú rẹ̀. Ẹ̀dùn náà wọ̀ wọ́n lára, kí n má purọ́. Oyèwálé rò pé ó ti tán nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wọn.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé nu ojú rẹ̀, tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, ká sòótọ́, lẹ́tà tòun kọ́ ló bà á jẹ́, nítorí tòun ṣáà sọ ibi tí ọkùnrin yìí ń gbá ní tòótọ́. Tíṣà gbé orí sókè, ó bi í pé lẹ́tà ta ló wá bà á jẹ́. Olúbọ̀dé ní kí Tíṣà má wo òun, kí ni òun kọ tó burú tó pé ènìyàn kò lè sáré? Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní ṣé ẹni tó pe ènìyàn ní òpó ló ń sọ̀rọ̀?

Oyèwálé dìde, ó ní kí wọ́n má bínú, ara òun kò gbé e. Ó wọlé lọ, ó sùn sórí ẹní ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ jáde láti palẹ̀ àwo mọ́, wọn kò rí i pé onílé ti wọlé. Wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ta ni ọ̀gá kọ́kọ́ kà.